Kúlíkúlí Ìyá Àgbà

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí mínbárì, ọ̀rọ̀ ìdí ààrò ni. Bí ó bá ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé ààfáà tí ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ́ ọmọ ní èdè Lárúbáwá, wá jókòó ń kọ̀wé nípa ẹ̀pà àti òróró, kí olúwarẹ̀ jọ̀wọ́ ní sùúrù fún mi. Ìdí ààrò náà ni ìbéèrè kan ti bá mi, n kò sì tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí di bí mo ti ń kọ èyí.

Ìlú Ìwó ni mo ti ń ṣe olùkọ́, ṣùgbọ́n ọmọ Ìlọrin ni mí. Ní ọ̀sẹ̀ Iléyá ọdún 2025, nígbà tí a ti fún àwọn ọmọ ilé-kéú ní ìsinmi, mo gba ọ̀nà Ẹjìgbò àti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ kí àwọn ará ilé. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo dé sí ní Ṣàngó, ní apá ibi tí ènìyàn ń gbà lọ sí Kúlẹ̀ndé. (Àwọn àlejò a máa béèrè pé báwo ni Mùsùlùmí ṣe ń gbé àdúgbò tí ń jẹ́ Ṣàngó. Èmi a sì máa dá wọn lóhùn pé orúkọ àdúgbò kò ba àlùwàlá ẹnikẹ́ni jẹ́ rí.) Ẹ̀gbọ́n mi ti kúrò ní ilé wa ní Pàkátà láti ìgbà tí ó ti lọ́kọ. Opó ni báyìí, ó ń gbé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ìyàwó ọmọ náà, àti ọmọ-ọmọ mẹ́rin.

Gbogbo ẹni tí ó bá bá wa ṣọdún láyé ìgbà náà ni yóò rántí kúlíkúlí ìyá àgbà, ìyẹn ìyá tí ó bí bàbá wa. Kì í ṣe irú èyí tí ènìyàn ń bá jà lẹ́nu bí ẹni ń jẹ òkúta. Ó le díẹ̀, ṣùgbọ́n bí eyín bá ti kàn án, yóò fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ata àti atalẹ̀ yóò sì wá bá ọ lẹ́yìn. Òrùka ni ó máa ń yí i sí. Ó ń tà á ní ọjà lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n bí Iléyá tàbí Ìtúnu Ààwẹ̀ bá kù fẹ́ẹ́rẹ́, yóò ṣe èyí tí a kì í tà. Abọ́ ni a máa ń gbé e sí, tí a óò fi aṣọ funfun bò ó, tí a óò sì máa gbé e láti ilé ẹbí kan dé òmíràn. Nígbà tí ó fi ayé sílẹ̀, kò fi ilẹ̀ sílẹ̀, kò fi owó sílẹ̀. Ọlọ kan, agbada kan àti àtẹ méjì ni. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó ti kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ni ó sì fi tọ́ ọmọ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

Ní ọjọ́ tí mo dé, mo rí i pé oríkèé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti wú. Làkúrègbé ni. Kò lè fún aṣọ tí ó fọ̀ gbẹ. Síbẹ̀ ó ti ra ẹ̀pà kọ́ńgò mẹ́rin sílẹ̀ de ọdún. Ó ní, “Ààfáà, ìwọ ni yóò bá mi pò ó.” Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré. Mo wo ìyàwó ilé tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ Ìgbómìnà láti apá Òmù-Àrán, obìnrin tí ara rẹ̀ le, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi, tí ó sì ti lo ọdún mẹ́sàn-án nínú ilé yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi rí ibi tí ojú mi lọ. Ó ní, “Ìyàwó, lọ bá mi wo àwọn ọmọ lẹ́yìnkùlé.” Ìyàwó náà ní, “Ó dáa, Ìyá,” ó sì lọ.

Nígbà náà ni mo tó mọ ohun tí gbogbo ará ilé ti mọ̀. Láti ọdún mẹ́sàn-án, ìyàwó yìí ni ó ń pọn omi, òun ni ó ń dá iná, òun ni ó ń fọ agbada. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti di pé kí a fi ọwọ́ kan ẹ̀pà, wọn yóò rán an níṣẹ́. Kò burú kò burú, a óò rí iṣẹ́ kan rán an.

Mo ká ọwọ́ agbádá mi sókè. Ẹni tí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí ó rántí pé Ànọ́bì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kò ka iṣẹ́ ilé sí ẹ̀gàn fún ọkùnrin.

Láti ìgbà èwe mi ni mo ti gbà pé àṣírí kan wà nínú ohun jíjẹ yẹn. Mo ń retí pé ẹ̀gbọ́n mi yóò tú aṣọ kan, yóò yọ ewé tàbí egbò igi kan jáde. Ohun tí ó yọ jáde ni ata gígún, atalẹ̀, iyọ̀, àti kànáfùrù tí kò tó ìpẹ́ ẹja kan. Ìyẹn nìkan. Ọmọ kékeré mọ̀ ọ́n ní Ṣàngó. Mo ní, “Níbo ni àṣírí náà wà?” Ó ti àtẹ kan síwájú mi, ó da ẹ̀pà sí i, ó ní, “Ṣà á.”

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ti rí. Ọjọ́ Àlàrùbá ni, a ti kírun Súbúhì tán. A jókòó, a ń ṣa ẹ̀pà. Kì í ṣe òkúta àti ìdọ̀tí nìkan ni à ń ṣà kúrò. Èyí tí ó bá hunjọ, a óò yọ ọ́. Èyí tí ó bá ti bu, tí àwọ̀ rẹ̀ ti yí díẹ̀ sí dúdú tàbí sí ewéko, a óò yọ ọ́. Èyí tí kòkòrò ti lu, èyí tí ó là sí méjì tí inú rẹ̀ kò mọ́, a óò yọ gbogbo rẹ̀. Bí mo bá ti parí ìdá kan, ẹ̀gbọ́n mi yóò fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀, yóò fi ọwọ́ tí ń dùn ún yẹn tún un ṣà, yóò sì máa rí èyí tí ojú mi fò. Oòrùn ti mú dáadáa kí a tó ṣà á tán, ẹ̀pà tí a yọ kúrò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ife kan. Mo ní ṣé kí á fún adìyẹ jẹ. Ó ní rárá, kí n sin ín. Ó ní ìyá àgbà kì í fún adìyẹ ní ohun tí kò lè fún ọmọ rẹ̀, nítorí ọmọ rẹ̀ ni yóò jẹ adìyẹ.

Ìyá àgbà kò mọ ìwé. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1960, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tòlótòló tí ó lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún, ìyẹn 100,000, kú láàárín oṣù díẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó pa wọ́n. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wádìí rẹ̀, wọ́n bá a nínú oúnjẹ tí wọ́n fi èérún ẹ̀pà ṣe, tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Brazil. Èbu kan ni ó wà lára ẹ̀pà náà, èbu yẹn ni ó pọ oró tí wọ́n wá sọ ní aflatoxin. Oró yìí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ fún ẹni tí ó bá ń jẹ ẹ́ pẹ́. Iná kì í pa á tán. Èyí tí ó kan oníkúlíkúlí jù lọ ni pé bí a bá fún òróró kúrò lára ẹ̀pà, inú èérún tí ó kù ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú oró náà ń dúró sí, ìyẹn nínú ohun tí a fi ń ṣe kúlíkúlí gan-an. Àwọn onímọ̀ sì sọ pé ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí ó dára jù láti dín in kù ni kí á fi ọwọ́ ṣa èyí tí ó bu, tí ó hunjọ, tí ó sì yí àwọ̀ padà kúrò. Ìwé ni mo ti ka ìyẹn. Ìyá àgbà ti ń ṣe é kí wọ́n tó kọ ìwé náà.

Lẹ́yìn ìrun Súúrì, a yan ẹ̀pà nínú iyanrìn gbígbóná títí ó fi pọ́n díẹ̀, a bó o, a fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù. Ní àárọ̀ Àlàmísì, mo gbé e lọ sí ẹ̀rọ ìlọta. Ẹ̀gbọ́n mi bá mi lọ, ó sì dúró títí ọlọ́rọ náà fi fọ ẹ̀rọ rẹ̀. Ife àkọ́kọ́ tí ó lọ̀, ó ní kí ó dà á nù, nítorí pé yóò ti gbá ata àwọn ẹlòmíràn lọ. Ọlọ́rọ ń kùn. Ẹ̀gbọ́n mi kò dá a lóhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì pò ó rí, ẹ kò lè mọ iṣẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀. Omi gbígbóná díẹ̀ ni a ń wọ́n sí ẹ̀pà lílọ̀ náà, kì í ju ẹ̀kún ọwọ́ lọ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà a óò máa pò ó, a óò máa fún un, a óò máa yí i padà. Fún ìgbà pípẹ́ kò ní sí ohun kan. Apá mi ń ro mí, òógùn ń bọ́ lójú mi, mo sì ń gba ààwẹ̀ Árífà lọ́jọ́ náà. Mo rò pé ẹ̀pà yìí kò ní òróró. Lójijì ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Òróró bẹ̀rẹ̀ sí í sun jáde láàárín ìka mi, ó ń pọ̀ sí i, títí a fi rí ẹ̀kún abọ́ kan. Òróró yẹn náà ni a óò gbé kaná, inú rẹ̀ ni a óò sì ti dín òrùka náà lẹ́yìn tí a bá ti fi ata, atalẹ̀ àti iyọ̀ sí i, tí a yí i. Ohun tí ó jáde lára ẹ̀pà ni ó ń dín ẹ̀pà.

Nítorí ààwẹ̀, a kò lè jẹ nínú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ gba ẹni tí ń dáná láàyè láti fi ahọ́n kan oúnjẹ bí ìdí bá wà, kí ó sì tu ú dànù. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní kí n gbé fátíwà mi dákẹ́. Etí ni ó fi ń mọ̀ bóyá ó jinná. Ó ní bí ariwo inú agbada bá ti rọlẹ̀, kí n kó o.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, lẹ́yìn tí a ti ṣínu, ìyàwó ilé gbé omi wá fún mi ní ìta. Ó kúnlẹ̀, kò sì dìde. Ó ní, “Bàbá Ààfáà, ẹ dákun, ẹ̀yin ni ẹ ń kọ́ ènìyàn ní ìmọ̀ ogún pípín. Nínú ilé yìí, kí ni mo jẹ́?” Mo ní, “Ìyàwó wa ni ọ́.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣeun, Bàbá,” ó kó abọ́, ó sì wọlé.

Mo mọ̀ pé mi ò dá a lóhùn.

Ní alẹ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí a ti pa ẹran tán tí àwọn àlejò sì ti lọ, mo bá ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́. Ohun àkọ́kọ́ tí ó sọ ni èyí tí mo fúnra mi ń kọ́ àwọn ọmọ. Ó ní, “Ṣé ìyàwó ọmọ wà lára àwọn tí ń jogún ènìyàn?” Kò sí. Nínú ìmọ̀ ogún, ìyàwó ọmọ kò ní ìpín kankan nínú ohun tí ìyá ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tọ̀nà.

Ohun kejì tí ó sọ kò ṣe é fi ọwọ́ rọ́ tì. Ó ní ní àwọn ọdún kan sẹ́yìn, òun ti kọ́ ọmọbìnrin kan tí ń bá òun ṣiṣẹ́. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n tán, ó lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀, ó ń pè é ní kúlíkúlí ilé wa. Kì í ṣa ẹ̀pà. Ó ń po ìyẹ̀fun àgbàdo mọ́ ọn kí ó lè pọ̀. Àwọn oníbàárà tí wọ́n jẹ ẹ́, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n wá fi ẹjọ́ sùn. Ó ní, “Orúkọ ìyá àgbà ni wọ́n ń tutọ́ sí, Ààfáà. Ìwọ ò sí ńbẹ̀.”

Ohun kẹta ni ó pa mí lẹ́nu mọ́. Ó ní, “Ìwọ, wọ́n rán ọ ní ilé-kéú. Wọ́n tún rán ọ ní ilé-ìwé. Èmi ń ru igbá lẹ́yìn ìyá àgbà kí owó ìwé rẹ lè pé. Kí ni wọ́n fún èmi?” Ó na àwọn ìka rẹ̀ tí ó ti wú yẹn sí mi. “Èyí ni wọ́n fún mi. Ìwọ wá fẹ́ kí n gbé e fún ẹni tí kò bá mi jìyà rẹ̀.”

Èmi tí mo ti ní ẹ̀rí láti ibí àti ẹ̀rí láti ọ̀hún, mi ò rí nǹkan sọ. Mo lọ sùn.

Ṣùgbọ́n oorun kò kùn mí. Mo ń rò ó pé ẹ̀gbọ́n mi àti èmi jọ ṣe àṣìṣe kan náà: a pe ìmọ̀ náà ní ogún. Kí ni ogún? Ohun tí ó jẹ́ pé bí a bá pín in, yóò dín kù ni. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ fẹ́tẹ̀ mẹ́rin, tí mo gba ọ̀kan, ó ku mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí òfin fi ní láti dá sí i, kí alágbára má baà kó gbogbo rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi bá kọ́ ìyàwó ní bí a ti ń po ẹ̀pà, kí ni yóò dín kù lọ́wọ́ rẹ̀? Ìmọ̀ ọwọ́ kò wọ inú ìwé ogún rárá. A kò lè fi òfin ogún fún un ní ẹnìkan, a kò sì lè fi òfin ogún dù ú.

Mo tún ń rò nípa Súrátù Màúnù. Àwọn onítúmọ̀ ìgbà àkọ́kọ́ sọ fún wa pé ìbáwí tí ó wà níbẹ̀ kan ẹni tí ó ń fi ohun èlò ilé du aládùúgbò rẹ̀: ìkòkò, àáké, korobá, ohun tí ó jẹ́ pé a óò lò ó, a óò sì dá a padà. Bí ó bá burú láti fi ìkòkò du ènìyàn, ìkòkò tí ó lè fọ́ lọ́nà, kí ni a óò pe fífi ohun tí à ń sè nínú ìkòkò du ẹni tí ń bá wa fọ ọ́? N kò sọ pé ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ìkìlọ̀ tí ó wà lórí fífi ìmọ̀ pamọ́, púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ gbà pé ìmọ̀ tí ẹ̀sìn kò lè ṣe aláìní ni ó kàn, kì í ṣe ọgbọ́n òwò. Oníṣòwò kò jẹ̀bi bí kò bá tú àṣírí rẹ̀ fún ẹni tí yóò bá a du oníbàárà. Mi ò fẹ́ fi ẹ̀sìn na ẹ̀gbọ́n mi. Ààfáà tí ń fi ẹ̀sìn na ẹbí rẹ̀ pọ̀ ju ìwọ̀n lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé níbo ni ìyá àgbà fúnra rẹ̀ ti kọ́ ọ. Mo rò pé yóò sọ pé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ó ní, “Ṣé ìwọ ò mọ̀ ni? Obìnrin Tápà kan ni.” Ó ní nígbà tí ìyá àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé wa ní ìyàwó, obìnrin Tápà kan ń gbé yàrá kan nínú ilé tí ó kángun sí tiwa. Ìyá àgbà wà ní ọmọdé, kò mọ ẹnìkan, àwọn ìyálé kò sì rọrùn. Obìnrin náà rí i tí ń sunkún lẹ́yìnkùlé, ó pè é, ó gbé àtẹ ẹ̀pà síwájú rẹ̀, ó ní kó bá òun ṣà á.

Àwa méjèèjì dákẹ́. Mo rò pé a jọ gbọ́ ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Ìlọrin kò ṣàjèjì sí irú rẹ̀. Nínú àwọn Balógun mẹ́rin tí ó wà nílùú wa, ọ̀kan ń jẹ́ Balógun Gàmbàrí, ọ̀kan ń jẹ́ Balógun Fúlàní, Àjíkòbi àti Àlánámù sì ni ti àwa Yorùbá. Tápà àti Kànúrí náà sì ní agboolé wọn. Ohun tí à ń jẹ nílé ọ̀kan ti di tilé èkejì. Kúlíkúlí tí à ń wí, bẹ́ẹ̀ náà ni Gàmbàrí ń pè é. Ní ilẹ̀ Benin wọ́n ń pè é ní klui-klui, ilẹ̀ Agonlin sì ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jù. Ní Amẹ́ríkà lónìí, ilé-iṣẹ́ kan wà tí ń jẹ́ Kuli Kuli, ohun jíjẹ oníyẹ̀fun ewé moringa ni wọ́n ń tà. Obìnrin tí ó wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ti lọ ṣiṣẹ́ ìyọ̀ǹda-ara-ẹni ní orílẹ̀-èdè Niger, ibẹ̀ ni ó ti jẹ kúlíkúlí. Ẹ̀pà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí, apá gúúsù Amẹ́ríkà ni àwọn Pọtogí ti gbé e wá sí ilẹ̀ wa láyé òwò ojú òkun. Bí ẹnìkan bá ní kí á san owó fún ẹni tí ó ni ín, ilé ta ni a óò gbé owó náà lọ? Ìyàwó àjèjì kan ni ó gbà á lọ́wọ́ obìnrin àjèjì kan, ìgbà náà ni ó di ti ilé wa.

Síbẹ̀, mo ń rántí ọmọbìnrin tí ó po ìyẹ̀fun àgbàdo mọ́ ọn. Ẹ̀rù tí ń ba ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Bí a bá sọ pé kí á ju gbogbo nǹkan sí ìta gbangba fún ẹni tí ó bá kọjá, a ti ju iṣẹ́ ìyá àgbà nù. Ibí ni iṣẹ́ olùkọ́ tí mo ń ṣe ti ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀. Àwọn àgbà ààfáà wa ní nǹkan kan tí à ń pè ní ìjáásà, àṣẹ tí olùkọ́ ń fún akẹ́kọ̀ọ́ láti máa fi ìwé kan kọ́ ẹlòmíràn. A kì í fún ẹni tí kò bá tíì ka ìwé náà sí etí olùkọ́ rẹ̀, kí olùkọ́ gbọ́ ibi tí ó ti ṣì í, kí ó sì tún un ṣe. Olùkọ́ lè dá a dúró fún ọdún mẹ́wàá bí kò bá tíì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n a kì í béèrè pé ọmọ ta ni. Sheikh Adam Abdullah al-Ilory, ọmọ Ìlọrin tí ó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1952, tí ó sì gbé e lọ sí Agége ní ọdún 1955, bí ó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ bíbí inú rẹ̀ nìkan ni ó kọ́, mélòó nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni ì bá mọ álífù?

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ọmọbìnrin àkọ́kọ́ yẹn, kì í ṣe pé ó kọ́ ọ ni ó burú, pé ó fi í sílẹ̀ kí ó tó rí i pé ó ń ṣa ẹ̀pà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wò ó ni. Mo ní àṣírí tí ó wà nínú iṣẹ́ yìí kò ṣe é jí. Ta ni ó fẹ́ jí ìjókòó láti Súbúhì títí di ọ̀sán? Ẹni tí ó bá lè ṣe é, tirẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “O ti bẹ̀rẹ̀ wàásù rẹ.” Mo dákẹ́.

Òótọ́ ni, n kò sì ní ẹ̀tọ́ láti ṣe wàásù náà. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ èyí tí mi ò jẹ́wọ́ fún un. Olùkọ́ mi, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, fi ìwé àkọsílẹ̀ kan fún mi kí ó tó kú. Àlàyé ọwọ́ rẹ̀ ni lórí àwọn ibi tí ó le nínú ìwé gírámà tí à ń kà, iṣẹ́ ogójì ọdún. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ìwó, ọmọ alágbẹ̀dẹ, tí ó mú jù gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ti béèrè lọ́wọ́ mi pé kí òun dà á kọ. Mo sọ fún un pé ìwé náà ti gbó, pé yóò ya. Kò gbó. Ọmọ tèmi ni mo ń tọ́jú rẹ̀ dè, ọmọ tèmi sì ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kò bèèrè ìwé náà rí. Olùkọ́ mi yẹn kì í ṣe ẹbí mi rárá. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ bàbá mi.

Nítorí náà, nígbà tí mo ń wo ẹ̀gbọ́n mi tí ó ń rán ìyàwó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, èmi ni mo ń wò. Ìyàtọ̀ tí ó wà ni pé òun ní ìdí. Ìyà ni ó fi ra tirẹ̀. Èmi, wọ́n fi tèmi ta mí lọ́rẹ. Bí a bá sì fẹ́ ṣe ìdájọ́, ẹni tí ó gba púpọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ pè lẹ́jọ́.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Iléyá ni mo di ẹrù mi. Bí mo ti ń jẹ ẹ̀kọ tí ìyàwó gbé fún mi, mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi láti inú àgbàlá: “Ìyàwó, gbé àtẹ yẹn wá.” Nǹkan bí ààbọ̀ kọ́ńgò ẹ̀pà ni ó kù nínú àpò. Ó dà á sórí àtẹ, ó ní, “Ṣà á.” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàwó náà kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ó fẹ́ fi hàn pé òun lè ṣe é kíákíá. Nígbà tí ó ní òun ti parí, ẹ̀gbọ́n mi fa àtẹ náà mọ́ra, ó gbé e sí oòrùn, ó yọ ọ̀kan, ó yọ èkejì, ó yọ ẹ̀kẹta, ó tò wọ́n sílẹ̀ níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Ìwọ̀nyí ń kọ́? Tún un ṣà.” Ìyàwó ní, “Ẹ má bínú, Ìyá,” ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì í.

Ọkọ̀ tí yóò gbé mi dé Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń fọn fèrè ní títì. N kò dúró wo bí wọ́n ṣe dé ibi pípò, n kò sì mọ̀ bóyá wọ́n dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà. Abọ́ kúlíkúlí kan ni wọ́n fi sínú àpò mi, tí a fi aṣọ funfun bò. Ó ti tán. Ìwé olùkọ́ mi wà níwájú mi lórí tábìlì bí mo ti ń kọ èyí, mo sì ti ránṣẹ́ sí ọmọ alágbẹ̀dẹ náà pé kí ó wá ní Àlàmísì tí ń bọ̀, kí ó mú ìwé òfìfo àti gègé rẹ̀ dání.